Ojú Tí Kámẹ́rà Kò Gbọdọ̀ Rí

Ẹ̀yìn ni ọkùnrin náà kọ sí kámẹ́rà. Mùnírátù ló kọjú sí. Bí Bùkọ́lá tó ń ya fíìmù ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Nínú yàrá kékeré kan ní Tema ní Gánà, wọ́n ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé, wọ́n ti gba fóònù gbogbo ènìyàn, wọ́n kó wọn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì dé e. Bí wọ́n bá ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí, Bùkọ́lá á ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ ná, nítorí ẹni tó bá mọ ohùn ládàánì yẹn lè mọ àdúgbò. Fíìmù tó ń ṣe kì í ṣe eré. Ọ̀rọ̀ àwọn tó sá àsálà wá sí Gánà ló wà nínú ẹ̀, àwọn tó ti kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n gba àwọn sí ìlú, tí wọ́n sì ń dúró de èsì láti ọdún kan dé ọdún mẹ́ta. Bùkọ́lá kì í fi ojú wọn hàn, kì í dárúkọ wọn, kì í sì í dárúkọ ibi tí wọ́n ń gbé.

Mùnírátù ni ògbufọ̀ rẹ̀. Accra ni wọ́n bí i sí, ọmọ Alátà ni àwọn ará Gánà ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, ó gbọ́ Twi, ó gbọ́ Hausa, ó sì gbọ́ Yorùbá ilé baba rẹ̀ dáadáa. Láàárọ̀, á bá ìyá rẹ̀ ta aṣọ àti ọṣẹ ní ọjà Odawna. Lọ́sàn-án, á tẹ̀ lé Bùkọ́lá. Wọ́n ti sọ fún un pé Burkina Faso ni ẹni ọjọ́ náà ti wá, Hausa ló sì máa sọ. Àmọ́ nígbà tí ọkùnrin náà la ẹnu, ohun tó sọ ni pé:

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè sọ ọ́ ní Yorùbá? Hausa ni mo fi bẹ̀ wọ́n nígbà náà. Tí mo bá tún fi Hausa sọ ọ́, mi ò ní lè parí ẹ̀."

Fàrúkù lorúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ti Ọ̀ṣun lọ sí Burkina lọ ta ọjà, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí i sí. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, ìrẹsì àti ọṣẹ ló ń kó lọ sí apá àríwá. Lọ́jọ́ kan àwọn agbébọn dá a dúró. Wọ́n kó ẹrù, wọn ò sì jẹ́ kí òun àti ọkọ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko ló fi ń wa ọkọ̀ fún wọn, tìbọn-tìbọn ni wọ́n ń jókòó tì í. Ọjọ́ tó ráyè, ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn. Láti ìgbà náà ni àwọn agbébọn ti ń wá a, nítorí ó mọ ibùba wọn, ó mọ ojú wọn. Àwọn ológun náà ń wá a, nítorí wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀ láàárín àwọn agbébọn. Kò sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú méjèèjì tó máa jẹ́ kó ṣàlàyé.

Ẹni tó bá wo fíìmù náà, ẹ̀yìn ọkùnrin kan tí kò mira ló máa rí. Mùnírátù ní tirẹ̀ rí omijé tó ń ṣàn dé àgbọ̀n. Fàrúkù ò nù ún, torí àpá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, Bùkọ́lá sì ti kìlọ̀ pé kó má gbé ọwọ́ sókè kí kámẹ́rà má bàa rí i. Mùnírátù wo ojú náà títí ó fi gbàgbé iṣẹ́ tó gbé e wá.

"Mùnírá, o ò kọ ọ́ sílẹ̀ mọ́," ni Bùkọ́lá wí láti ẹ̀yìn kámẹ́rà. "Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí o, Àǹtí. Ẹ jẹ́ ká fún un lómi."

Ẹni tó bá ní ibẹ̀ kọ́ ni ìfẹ́ ti wọlé, kó wá ibòmíì tó gbà wọlé hàn mí.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, Fàrúkù ti di oníbàárà pàtàkì ní ìsọ̀ wọn ní Odawna. Kì í gba ọ̀nà kan wá lẹ́ẹ̀mejì. Á wọ trótró, ọkọ̀ akérò kan, á sọ̀, á wọ òmíràn, á sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Circle, á wá dúró lọ́dọ̀ oníbàtà tó wà ní òdìkejì títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀ pé kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé òun. Tó bá dé, ọṣẹ ló ń rà. Ìyá Mùnírátù, Alhaja Wòsílátù, kì í fi ọ̀rọ̀ sínú.

"Ọṣẹ mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan! Chale, ọ̀rẹ́ mi, ta lẹ ń fi í wẹ̀? Ṣé ẹ̀ ń wẹ ọkọ̀ ojú omi ni?"

Ìyá rẹ́rìn-ín, Fàrúkù náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ bí ẹnì kan ṣe ju igi sílẹ̀ gbàgà lẹ́yìn ìsọ̀, Mùnírátù rí i bí ẹ̀rín ṣe kú lójú rẹ̀ lójijì. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Àánú rẹ̀ ṣe é. Mùnírátù náà sì ní ìbẹ̀rù tirẹ̀, ìyẹn nìkan sì ni kò lè sọ fún ìyá rẹ̀. Bùkọ́lá ti kìlọ̀ fún un: "Mùnírá, mo fẹ́ràn wọn, mò ń ṣiṣẹ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń wá ìwé ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ Gánà ti rí ìwé nìyẹn." Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn bí kòkòrò inú ẹ̀wà.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń jẹ wáákyè ní etí òkun, Mùnírátù kúkú bi í lójúkojú.

"Ṣé èmi lẹ fẹ́ àbí ìwé mi?"

Fàrúkù gbé ṣíbí sílẹ̀. "Tó bá jẹ́ ìwé ni mò ń wá, ìjọba ló ń fún ni. A ó lọ sọ́dọ̀ wọn, wọ́n á lẹ orúkọ wa mọ́ ara pátákó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó so wá pọ̀, kí gbogbo ayé lè kà á. Mùnírátù, kí ni mo fẹ́ fi orúkọ mi ṣe lára pátákó?" Ó kọjú sí i. "Ìwọ ni mo fẹ́. Ìwọ nìkan lo mọ bí ojú mi ṣe rí nígbà tí mò ń sọ ọ́. Mi ò lè tún jókòó sọ ọ́ fún obìnrin mìíràn láyé mi."

Ọjọ́ náà ló sọ orúkọ agboolé baba rẹ̀ fún un: agboolé Olúọ́dẹ. Ó dárúkọ ìlú. Mùnírátù fò dìde.

"Ìlú baba tèmi náà nìyẹn! Ẹ̀gbọ́n baba mi fẹ́yàwó ní agboolé yẹn!"

Ó rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ṣùgbọ́n ojú Fàrúkù ti yí padà. "Má sọ fún wọn," ló wí. "Jọ̀ọ́. Àwọn ará ìlú wa wà ní Burkina, wọ́n wà ní Niamey, wọ́n wà ní Àbíjàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa rìn dé ibi tí kò yẹ. Wọ́n rò pé mo ti kú. Ohun tó ń dáàbò bò mí nìyẹn." Mùnírátù gbà, ó sì ṣèlérí.

Fàrúkù ò ní ẹbí tó lè rán, ni Bùkọ́lá bá di alárinà tipátipá. Krìstẹ́nì ni, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé Mùsùlùmí, ó ra àpò ìrẹsì kan àti agbọ̀n èso, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Àlàájì Sàláwù, bàbá Mùnírátù.

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi," ni Àlàájì wí. "Ta ni bàbá rẹ̀?"

"Kò ṣeé sọ, Bàbá."

"Ìlú wọn ńkọ́?"

"Kò ṣeé sọ, sà."

"Ibi tó ń gbé?"

"Kò ṣeé sọ. Kò tíì ní ìwé ìlú, sà," ni Bùkọ́lá wí, ó wo ilẹ̀. Àlàájì wo ìyàwó rẹ̀, ó wo àpò ìrẹsì, ó tún wo Bùkọ́lá.

"Ṣé ènìyàn ló rán yín níṣẹ́ àbí iwin?"

"Ọlọ́ṣẹ mẹ́rin ni!" ni Alhaja Wòsílátù ké. "Mo mọ̀ ọ́n! Ọlọ́ṣẹ mẹ́rin ni!"

Àlàájì ò rẹ́rìn-ín. "A kì í fọmọ fún ẹni tí a ò mọ orírun rẹ̀. Ilé ni wọ́n ti ń wádìí: ṣé wọn ò jalè, ṣé kò sí wèrè, ṣé wọn kì í lu ìyàwó. Ẹ tún sọ pé kò ní ìwé ìlú. Ọdún tí wọ́n lé àwọn àlejò kúrò ní Gánà, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún bàbá mi. Ó fi iṣu tó kún ìsọ̀ sílẹ̀ ní ọjà Agbogbloshie, ó kó wa sẹ́yìn ọkọ̀. Ọmọ kékeré ni mí, mo rí i bó ṣe ń sunkún. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àìníwèé. Mi ò ní fi ọwọ́ ara mi ti ọmọ mi sínú rẹ̀."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mùnírátù ò jẹun dáadáa mọ́. Tó bá gbé oúnjẹ sẹ́nu, á máa rò ó pé lọ́jọ́ kan Fàrúkù á kàn ṣí kúrò, òun ò sì ní mọ bóyá ó ṣí ni àbí wọ́n rí i. Bàbá rẹ̀ rí i bó ṣe ń rù. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ó pè é.

"Múní, mi ò ní í lọ́kàn láti pa ẹ́ o. Fún mi ní nǹkan kan ṣoṣo tí mo lè dì mú. Kí n má fọmọ fún afẹ́fẹ́."

Ìfẹ́ ló tú u lẹ́nu. Ó dárúkọ Fàrúkù, ó dárúkọ agboolé Olúọ́dẹ, ó sọ pé Tema ló ń gbé, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí báyìí-báyìí. Inú bàbá dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Ó ní kó fi àwòrán rẹ̀ han òun. Ẹyọ kan ló wà, Mùnírátù ló jí i yà, Fàrúkù ń rẹ́rìn-ín, kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àwọn ará Gánà, wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Fi í sórí fóònù mi kí n lè fà á tóbi."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún?"

Kì í ṣe irọ́ ni bàbá ń pa. Lójú Àlàájì Sàláwù, ará ilé kì í ṣe ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n ti ìrun Jímọ̀ dé lọ́jọ́ kejì, ṣe ni Àlàájì ń fi ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ jó. "Múní! Ìwádìí ti jáde! Ọmọ gidi ni!" Ó tẹ fóònù, ohùn òun fúnra rẹ̀ sì jáde, rara, bí ohùn ẹni tó ń wàásù:

"Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé lóko, mo kí yín o. Ọmọ tí ẹ ń wò nínú àwòrán yìí, Fàrúkù lorúkọ rẹ̀, agboolé Olúọ́dẹ, Burkina ni wọ́n bí i sí, ó wà lọ́dọ̀ wa níbí, ní Tema. Ó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi. Ẹ bá mi wádìí wọn."

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lórí Wáásáàpù ló fi ránṣẹ́ sí, ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn, láti Nàìjíríà dé Niamey. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mùnírátù gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ka èsì. Èsì rere pọ̀. Ìyá arúgbó kan ń sunkún nínú tirẹ̀ pé wọ́n ti kírun òkú fún ọmọ yìí, ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè, Ọlọ́run tóbi. Ẹlòmíràn ń kí wọn kú oríire. Lẹ́yìn náà ni nọ́mbà kan, nọ́mbà Burkina, kò ní orúkọ, kò ní àwòrán: "Màṣáálà. Apá ibo ní Tema?"

Àlàájì sì ti dá a lóhùn. Ó ti dárúkọ mọ́ṣáláṣí.

"Bàbá, ta lèyí?"

"Ará ilé wa ni. Ta ló tún máa wà níbẹ̀?"

"Bàbá, ta ni?"

Àlàájì pe akọ̀wé ẹgbẹ́. Akọ̀wé ní òun ò mọ nọ́mbà náà. Ó pe olórí wọn ní Burkina. Ìyẹn ní òun rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ará Gánà ni ẹni náà wà. Àlàájì rọra jókòó. Mùnírátù pe Fàrúkù, fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Nígbà náà ló rántí pé ọjọ́ iṣẹ́ fíìmù ni, fóònù wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti dé e.

Ẹni tó bá ti wọ trótró láti Accra lọ sí Tema pẹ̀lú irú ọkàn yẹn rí ló mọ̀ ọ́n. Gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró, Mùnírátù á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú àwọn tó ń wọlé, bóyá ọ̀kan nínú wọn ni. Ó ń gbàdúrà, ó ń gbàgbé àárín àdúrà, ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo pa á, ló ń wí lọ́kàn. Kámẹ́rà ò pa á, àwọn agbébọn ò rí i pa, èmi tí mo fẹ́ ẹ ni mo pa á. Nígbà tó dé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ìyá oníkẹ́ńkẹ́ tó mọ̀ ọ́n pè é sápá kan.

"Àwọn ọkùnrin méjì wá o. Wọ́n ń wá ọmọ Anago kan, Yorùbá kan, láti Burkina. Faransé ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n gba ọ̀nà ibẹ̀ yẹn lọ."

Ọ̀nà ibẹ̀ yẹn kọ́ ni yàrá tí wọ́n ti ń ya fíìmù wà. Mùnírátù ò mọ bóun ṣe dé ẹnu ọ̀nà. Bó ṣe wọlé, Fàrúkù ṣì kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà, ó gbójú sókè, ó sì ka ojú rẹ̀ tán kó tó sọ ohunkóhun.

"Wọ́n ti mọ̀," ni Fàrúkù wí.

"Èmi ni. Èmi ni mo sọ fún bàbá mi. Wọ́n fi àwòrán yín ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú. Wọ́n ti wá béèrè yín lọ́dọ̀ oníkẹ́ńkẹ́." Ó wó lulẹ̀, ó ń sunkún. "Wọ́n ní ìyá yín ṣì wà láàyè. Wọ́n ní wọ́n ti kírun òkú fún yín."

Fàrúkù ti dìde láti sá. Nígbà tó gbọ́ ti ìyá rẹ̀, ó tún jókòó. Ó bo ojú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gbé ọwọ́ tó ní àpá sókè níwájú kámẹ́rà, kò bìkítà. Bùkọ́lá pa ẹ̀rọ náà. Ó yọ káàdì inú rẹ̀, ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa gbogbo ibi tí Fàrúkù wà rẹ́, ní ìṣojú rẹ̀. Iṣẹ́ oṣù méje ni, òun sì ni òpó fíìmù náà.

"Ẹ̀yìn yìí, ohùn yìí, tí wọ́n bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán yẹn, ó tán," ló wí. Ó ń nu imú. "Ẹ wọ mọ́tò mi. Ní báyìí."

Ilé Àlàájì ni wọ́n gbé e lọ. Àlàájì Sàláwù ń dúró ní pálọ̀. Nígbà tó rí Fàrúkù, ó ṣí fìlà, àgbàlagbà ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ó ní, "Ọmọ mi, ẹnu mi ni mo fi tà ẹ́. Forí jì mí."

"Ẹ dákun, Bàbá, ẹ dé fìlà yín," ni Fàrúkù wí, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n lọ. Mi ò fẹ́ gbé ìbẹ̀rù mi wọ inú ilé yín."

"Ibo lo fẹ́ lọ? Jókòó." Àlàájì gbé fóònù. "Ohun tí mo bàjẹ́, èmi ni màá tún un ṣe. Màá sọ fún wọn pé ìwádìí ti parí, pé o ò tẹ́ wa lọ́rùn, pé a lé ẹ, o sì ti wọkọ̀ lọ sí Togo. Wọ́n á wá ẹ gba ibẹ̀."

Alhaja Wòsílátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ dúró ná. Ọmọ wa ńkọ́? Gbogbo ìlú á gbọ́ pé ọkọ Múní sá lọ. Tí wọ́n bá wá so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ta la fẹ́ sọ fún? Ìyàwó tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè ní ìyàwó! Tó bá lóyún ńkọ́?"

Àlàájì kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Múní, ìwọ ni. Tí o bá ní kó lọ, màá fi mọ́tò gbé e dé ibi tí kò ti sí ewu, kò ní sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn ẹ. Tí o bá ní kó dúró, bí ìyá ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn ló máa rí. Mi ò sì mọ ọjọ́ tó máa parí."

Ẹ̀rù ba Mùnírátù. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó rí ara rẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sí i, níbi tí obìnrin gbogbo ti ń fi ọkọ yangàn, tí òun ń dákẹ́. Ó rí ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn, tí òun ò sì mọ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo Fàrúkù. Fàrúkù ń mi orí fún un pé kó jẹ́ kóun lọ.

"Mo ti wà nínú ìbẹ̀rù náà," ni Mùnírátù wí fún un. "Ẹ má fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú ẹ̀."

Àlàájì tẹ fóònù, ó sọ irọ́ rẹ̀ fún ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Alfa Abdul-Rahim wá pẹ̀lú àgbà méjì tí wọ́n ti ń bá Àlàájì ṣọ̀rẹ́ láti kékeré. Inú yàrá Àlàájì ni wọ́n ti so yìgì, ilẹ̀kùn wà ní títì, aṣọ wà lójú fèrèsé. Wọ́n rọra ṣàdúrà. Alhaja Wòsílátù, tó ti ń dúró láti ọdún gbọọrọ láti fi ariwo ayọ̀ sin ọmọ rẹ̀, ki gèlè bọ ẹnu kí ohùn rẹ̀ má bàa jáde. Bùkọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣọ́ òpópónà. Ibi tí wọ́n gbé Fàrúkù lọ lẹ́yìn náà, mi ò ní sọ, ẹ má sì bi mí. Èsì ìwé rẹ̀ kò tíì dé.

Mùnírátù padà sí Odawna. Àwọn ìyá ìsọ̀ ti gbọ́ irọ́ Àlàájì. Muslimat tó ń ta ìborùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, obìnrin rere ni, ó dìde, ó gbá a mọ́ra, ó sì gbé ohùn àdúrà sókè kí gbogbo ìsọ̀ lè bá a ṣe é.

"Múní, má ronú páà. Ọkọ tó sá lọ yẹn, Ọlọ́run ló yọ ẹ́. Ọlọ́run á mú un jìnnà sí ẹ pátápátá. O ò ní fojú kàn án mọ́ láyé. Èyí tó sàn jù ú lọ á dé."

"Àmín!" ni gbogbo wọn hó.

Muslimat ń wo ojú rẹ̀. "Ìwọ ò ní ṣàmín ni?"

Gbogbo ojú yí sí i. Ọkùnrin kan tí Mùnírátù ò mọ̀ rí dúró lọ́dọ̀ oníbàtà ní òdìkejì, òun náà ń wò.

"Àmín," ni Mùnírátù wí, ó sọ ọ́ sókè kí ó lè dún dé ọ̀hún. Lẹ́yìn náà ó wọ ẹ̀yìn ìsọ̀, ó jókòó lórí ìdì aṣọ, ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó má gbọ́ àmín tòun.